Bí Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti ṣe gbé owó orí kúrò lọ́rùn obìnrin Ẹ̀gbá

Ẹ bi ọmọ ilé ìwé pé kí ló mọ̀ nípa Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti. Á ní òun ni obìnrin àkọ́kọ́ tó wa mọ́tò ní Nàìjíríà. Ẹ tún bi í, á ní òun ni ìyá Fẹlá. Ó parí. Ẹ jẹ́ ká gbé mọ́tò yẹn sí gáréèjì, ká sì fi Fẹlá sílẹ̀ di ọjọ́ mìíràn, torí iṣẹ́ tí obìnrin yìí ṣe ní Abẹ́òkúta láàárín 1944 sí 1949 ní ọnà nínú: ó ní ìpìlẹ̀, ó ní ìwé ìṣirò, ó ní ìdánrawò, ó sì ní ibi tó ti kùnà. Gbogbo wa là ń pè é ní Kìnnìún Lísàbí. Ó ṣọ̀wọ́n kí ẹnikẹ́ni béèrè bí kìnnìún náà ṣe ń dọdẹ.

Ẹ jẹ́ kí n sáré gba orí ìbẹ̀rẹ̀ ayé rẹ̀ kọjá. Wọ́n bí i ní Abẹ́òkúta ní ọjọ́ 25 oṣù Kẹwàá ọdún 1900. Thomas ni orúkọ ìdílé wọn, Frances Abigail sì ni orúkọ ìsàmì tó ṣáájú Olúfúnmiláyọ̀. Ìran Sàró ni bàbá rẹ̀, ìyẹn àwọn tí wọ́n kó bàbá ńlá wọn lẹ́rú, tí wọ́n sì gba Freetown padà wá sílé. Abeokuta Grammar School, tó ti ń gba ọmọkùnrin láti 1908, ṣílẹ̀kùn fún obìnrin ní 1914, ó sì wà lára àwọn tó kọ́kọ́ wọlé. Ní 1919 ó wọkọ̀ ojú omi lọ sí England, ó kàwé ní Wincham Hall ní agbègbè Cheshire, ó sì padà ní 1922. Kò jẹ́ Frances mọ́ láti ìgbà náà. Fúnmiláyọ̀ ló ń jẹ́. Ní ọjọ́ 20 oṣù Kìíní ọdún 1925 ó fẹ́ Ẹni Ọ̀wọ̀ Israel Olúdọ̀tun Ransome-Kuti, tó ń darí ilé ìwé ní Ìjẹ̀bú-Òde nígbà náà, tó sì wá di ọ̀gá àgbà Abeokuta Grammar School ní 1932. Ọkọ náà kì í ṣe ẹni kékeré: òun ni ààrẹ àkọ́kọ́ ẹgbẹ́ àwọn olùkọ́ Nàìjíríà, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1931. Ọmọ mẹ́rin ni wọ́n bí. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ mú dání nínú gbogbo èyí ni pé inú ilé tí ìpàdé, àkọsílẹ̀ àti owó ẹgbẹ́ kò ti ṣàjèjì ni obìnrin yìí ń gbé. Ó máa wúlò níwájú.

Ká tó mọ ohun tó wó, ó yẹ ká mọ bó ṣe dúró. Láti 1918 ni obìnrin Ẹ̀gbá ti ń san owó orí. Ní ibi púpọ̀ nílẹ̀ Yorùbá, ọkùnrin ló ń san, ti ìyàwó sì wà lábẹ́ ti ọkọ. Ní Ẹ̀gbá àti Ìjẹ̀bú, ọ̀tọ̀ ni: obìnrin ní tirẹ̀ láti san lórúkọ ara rẹ̀. Ọmọkùnrin á pé ọdún 16 kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í san; ọmọbìnrin, 15. Ọdún kan yẹn dà bí ohun kékeré lórí ìwé, àmọ́ ẹ wò ó bó ṣe rí lójú ọ̀nà ọjà. Ọmọ mélòó ló ní ìwé ọjọ́ ìbí ní Abẹ́òkúta nígbà náà? Agbowó orí tó bá dá ọmọbìnrin tó ń kiri ọjà dúró kò ní ìwé kankan tí yóò yẹ̀ wò, nítorí náà àyà ọmọ ló ń wò. Wọ́n máa ń bọ́ aṣọ lára ọmọ láti mọ̀ bóyá ó ti yọmú tó ẹni tí ń san owó orí. Nínú gbogbo ẹ̀sùn tí àwọn obìnrin kà sílẹ̀, èyí ló dun àwọn ìyá wọ eegun.

Èyí tó kù náà kò dára jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àwọn akódà a máa já wọlé onílé, wọ́n a máa lé obìnrin káàkiri àdúgbò, ẹni tí ọwọ́ wọn bá sì tẹ̀ lè sun àtìmọ́lé kí ẹjọ́ rẹ̀ tó dé iwájú ẹnikẹ́ni. Èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn obìnrin ló ń san iye kan náà: ẹni tí ọjà ń wọlé fún lọ́jọ́ náà àti ẹni tí kò ju àtẹ ẹ̀pà kan lọ.

Ta ló wá ń ná owó náà? Láyé àtijọ́, Aláké kì í dá ṣèjọba. Aké, Òkè-Ọnà, Gbágùúrá àti Òwu, kálukú ló ní ọba tirẹ̀. Ògbóni wà, Olórógun wà, Pàràkòyí tí ń bójú tó ọ̀rọ̀ ọjà wà, Ìyálóde náà sì wà, oyè tí wọ́n fi Ẹfúnróyè Tinúubú jẹ ní 1864. Gẹ̀ẹ́sì wá mú Aláké nìkan ṣoṣo gẹ́gẹ́ bí aláṣẹ ìbílẹ̀. Lábẹ́ ètò yìí, Ọba Ládàpọ̀ Adémọ́lá Kejì, tó gorí ìtẹ́ ní 1920, ló ń gbowó, òun ló ń náwó, ajẹ́lẹ̀ òyìnbó nìkan ló sì lè bi í léèrè. Kò sí obìnrin kan nínú ìgbìmọ̀. Obìnrin ń fi owó sínú àpò tí kò sí ẹni tó máa ṣí i hàn wọ́n. Orí ibẹ̀ ni ìjà dá lé, ẹni tó bá sì ní owó orí nìkan ni, ìdajì ọ̀rọ̀ ló sọ.

Ní ti ẹgbẹ́, ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ kò jọ ìjà rárá. Abeokuta Ladies' Club ni orúkọ rẹ̀, àwọn obìnrin onígbàgbọ́ tó kàwé ló wà níbẹ̀, ìyàwó olùkọ́, ìyàwó àlùfáà, olùkọ́ fúnra wọn. Wọ́n ń kọ́ ìránṣọ, wọ́n ń kọ́ bí a ṣe ń se oúnjẹ àti bí a ṣe ń gbàlejò. Bó bá jẹ́ pé ibẹ̀ ló dúró sí ni, kò sẹ́ni tí ì bá rántí rẹ̀ lónìí. Ní 1944 ni nǹkan yí. Ìtàn tí wọ́n ń sọ ni pé obìnrin kan tí kò kàwé di ìwé orin mú ní ṣọ́ọ̀ṣì, orí ìwé náà sì dojú kọ ilẹ̀. Ìtìjú yẹn ló jẹ́ kó ní kí wọ́n kọ́ òun ní ìwé kíkà. Ẹgbẹ́ bẹ̀rẹ̀ kíláàsì mọ̀-ọ́n-kọ-mọ̀-ọ́n-kà fún àwọn ọlọ́jà. Àwọn obìnrin tó wá kọ́ á, bí, dí kò sì lè jókòó pọ̀ lọ títí kí wọ́n má sọ ohun tó ń ṣe wọ́n lọ́jà.

Ìrẹsì ni wọ́n kọ́kọ́ sọ. Ogun Hitler ń lọ lọ́wọ́, ìjọba ń fi òté lé iye tí wọ́n ń ta oúnjẹ, wọ́n sì ń gba ìrẹsì lọ́wọ́ àwọn tó ń tà á, lójú ọ̀nà àti nínú ọjà, nígbà mìíràn lówó tí kò tó iye tí wọ́n rà á, nígbà mìíràn láìsan kọ́bọ̀. Àwọn ilé iṣẹ́ òyìnbó náà ń fi tiwọn kún un: bí o bá fẹ́ ra ọjà tó ń tà, o gbọ́dọ̀ ra èyí tí kò tà mọ́ ọn. Ẹgbẹ́ gbé ọ̀rọ̀ ìrẹsì tọ àwọn aláṣẹ lọ, wọ́n dá wọn lóhùn bí ẹni dá ọmọdé lóhùn. Ní 1945 wọ́n gbé e fún ìwé ìròyìn Daily Service, ó jáde, gbígba ìrẹsì sì dáwọ́ dúró. Fún mi o, ibí yìí ni Fúnmiláyọ̀ ti mọ ohun tó fi gbogbo ìyókù ayé rẹ̀ ṣiṣẹ́: ẹ̀bẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò gbọ́ yàtọ̀ sí ẹ̀bẹ̀ tí gbogbo Èkó ti kà.

Ní oṣù Kẹta 1946 wọ́n pa orúkọ ẹgbẹ́ dà: ó di Abeokuta Women's Union, ẹgbẹ́ obìnrin gbogbo, kì í ṣe ti àwọn ìyáàfin nìkan mọ́. Iye àwọn tó forúkọ sílẹ̀, tí wọ́n ń san owó ẹgbẹ́, ga dé 20,000. Ẹgbẹ́ obìnrin ńlá ni ní Nàìjíríà nígbà náà. Báwo lo ṣe ń kó ẹgbẹ̀rún lọ́nà ogún obìnrin jọ láìsí fóònù? Ẹni tó bá mọ ìtàn Ẹ̀gbá mọ ìdáhùn. Lísàbí Àgbòǹgbò-Àkàlà kò pe ogun nígbà tó fẹ́ bọ́ Ẹ̀gbá lọ́wọ́ àwọn ìlàrí Ọ̀yọ́ tó ń gba ìṣákọ́lẹ̀. Ẹgbẹ́ Àáró ló bẹ̀rẹ̀, àwọn àgbẹ̀ tó ń ṣiṣẹ́ lóko ara wọn ní ìtẹ̀léǹtẹ̀lé, ìgbà tó yá ni àáró di ogun. Ọjà ní àáró tirẹ̀. Àwọn aláàdìrẹ ní ẹgbẹ́, àwọn aláta ní ẹgbẹ́, àwọn onírẹsì náà, gbogbo wọn sì ní olórí tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ ń múlẹ̀. Ẹni tó bá gba ọkàn àwọn olórí yẹn ti gba ọjà. Fúnmiláyọ̀ kò dá okùn tuntun. Ó so àwọn okùn tó ti wà nílẹ̀ pọ̀ ni.

Àmọ́ ohun kan ń dí i lọ́wọ́: aṣọ. Obìnrin tó wọ gáùn àti fìlà òyìnbó jókòó níwájú aláta, aláta á máa pè é ní mà, kò ní í sọ tinú rẹ̀. Nítorí náà Fúnmiláyọ̀ bọ́ gáùn sílẹ̀, ó di ìró àti bùbá, ó wé gèlè, ní gbangba àti níkọ̀kọ̀, kí ojú má lè fi òun àti ọlọ́jà sọ́tọ̀. Èdè náà tẹ̀ lé e. Èdè Yorùbá ló ń sọ níbi ìpàdé tí òyìnbó bá wà, bí òun fúnra rẹ̀ tilẹ̀ kàwé ní England. Ògbufọ̀ ní láti túmọ̀ fún ajẹ́lẹ̀. Ẹ ronú sí i: lójoojúmọ́ obìnrin ọlọ́jà ni kì í gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ nípa rẹ̀ ní ọ́fíìsì. Lọ́jọ́ yẹn, òyìnbó ni.

Ó mọ èdè Gẹ̀ẹ́sì lò nígbà tó bá tọ́ ṣá. Òṣìṣẹ́ ìjọba òyìnbó kan jágbe mọ́ ọn pé kó pa àwọn obìnrin rẹ̀ lẹ́nu mọ́. Ó bi ọkùnrin náà bóyá ó lè bá ìyá rẹ̀ sọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀, ó sì sọ fún un pé lóòótọ́ ni wọ́n bí i, ṣùgbọ́n wọn ò kọ́ ọ. Àbíìkọ́ ni, kò sí ìtumọ̀ mìíràn. Èdè Ẹ̀gbá ló gba ẹnu Gẹ̀ẹ́sì jáde.

Ibi tí iṣẹ́ náà ti dùn mọ́ mi jù kò sí nínú ariwo. Owó tí 20,000 obìnrin ń dá, kí ni wọ́n fi ṣe? Wọ́n fi san owó lọ́yà fún àwọn tí wọ́n mú nítorí owó orí, kí obìnrin tó bá kọ̀ láti san má baà dá nìkan dúró níwájú adájọ́. Wọ́n sì gba oníṣirò owó láti yẹ ìwé owó ìjọba ìbílẹ̀ wò. Èyí ló ya àwọn aláṣẹ lẹ́nu. Ariwo ọlọ́jà, ìjọba ti gbọ́ ọ rí. Ó máa ń rọ̀ bó bá di ìrọ̀lẹ́. Ìwé ìṣirò kì í rọ̀. Nígbà tí wọ́n wá kọ ohun tí wọ́n ń fẹ́, wọn kò kọ "a ò san" lásán. Wọ́n ní kí owó orí obìnrin kúrò, wọ́n sì fi ibi tí ìjọba yóò ti rí owó dípò rẹ̀ hàn: kí wọ́n gba owó orí lọ́wọ́ àwọn ilé iṣẹ́ òyìnbó, kí wọ́n ná èyí tó ń wọlé sórí ọ̀nà, ìmọ́tótó àti ẹ̀kọ́, kí wọ́n sì fi ìgbìmọ̀ tí àwọn ará ìlú yàn, tí obìnrin wà nínú rẹ̀, rọ́pò àṣẹ ẹnì kan ṣoṣo. Ẹni tó bá ka ìwé náà kò lè ní àwọn obìnrin wọ̀nyí ò mọ̀ pé ìlú ń náwó.

Àárín ìjà yìí ló lọ sí London. Ní 1947 ẹgbẹ́ òṣèlú NCNC rán àwọn èèyàn méje lọ bá ìjọba Gẹ̀ẹ́sì sọ̀rọ̀ lórí òfin Richards, ìyẹn ìwé òfin ìjọba tí Gómìnà Richards gbé kalẹ̀ fún Nàìjíríà, Nnamdi Azikiwe ló ṣáájú, Fúnmiláyọ̀ nìkan sì ni obìnrin nínú wọn. Mínísítà tí ọ̀rọ̀ kàn, Arthur Creech Jones, gbọ́ tẹnu wọn, ó sì ní kí wọ́n padà sílé lọ fọwọ́ sowọ́ pọ̀ pẹ̀lú òfin náà. Àwọn ọkùnrin padà lọ́wọ́ òfo. Tirẹ̀ kò ṣófo pátápátá, torí kó tó kúrò níbẹ̀ ó kọ àròkọ sínú Daily Worker, ìwé ìròyìn àwọn Kọ́múníìsì Gẹ̀ẹ́sì, pé obìnrin ilẹ̀ wa ní iyì, wọ́n ní dúkìá, wọ́n ní ohùn nínú ìlú, kí òyìnbó tó dé. Inú Aláké kò dùn sí i. Ìwé ìròyìn tó lò yẹn pẹ̀lú máa yọ ọ́ lẹ́nu títí. Ẹ óò rí i.

Nígbà tó padà délé, ọ̀rọ̀ ti gbóná. Òun náà kọ̀ láti san owó orí tirẹ̀, wọ́n sì pè é lẹ́jọ́. Ìjọba kì í fún wọn ní ìwé àṣẹ ìwọ́de mọ́. Wọ́n wá ọ̀nà àbáyọ tó ń pa mí lẹ́rìn-ín títí di òní: wọ́n ní ìwọ́de kọ́, píkíníìkì ni. Tí wọn ò bá pè é ní píkíníìkì, wọ́n á ní ọdún ni wọ́n ń ṣe. Ta ló máa fún ọlọ́dún ní ìwé àṣẹ? Nínú ọgbà ilé Ransome-Kuti ni wọ́n ti ń ṣe ìdánrawò. Fúnmiláyọ̀ ń kọ́ wọn ní ohun tí wọ́n máa ṣe bí ọlọ́pàá bá ju tajútajú: kí obìnrin yára fi aṣọ bo ojú, imú àti ẹnu, kó sì gbé agolo náà jù padà síbi tó ti wá. Ìyá àgbà tó ti ń ta iṣu láti bí ogójì ọdún ń kọ́ bí a ṣe ń da agolo tajútajú padà. Ìdí tó fi ṣe pàtàkì ni pé ogunlọ́gọ̀ tí kò mọ ohun tó ń bọ̀ máa ń sá. Bí wọ́n bá sì sá lẹ́ẹ̀kan, ẹ̀rù kì í jẹ́ kí wọ́n padà wá lọ́jọ́ kejì. Ìwọ́de ọjọ́ kan kì í ṣe Aláké ní nǹkan. Èyí tó máa ń ṣe é ni ti ẹni tó sùn mọ́jú.

Ní ọjọ́ 29 oṣù Kọkànlá 1947, àwọn obìnrin tó ju 10,000 lọ bo iwájú ààfin Aké. Wọ́n sùn síbẹ̀ di ọjọ́ kejì, wọ́n ń kọrin, orin tí ẹ ò lè kọ níwájú àna yín. Ọ̀nà àtijọ́ ni èyí: obìnrin kò gbé ìbọn, ṣùgbọ́n orin èébú tí ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá ìyá ń kọ lóru, ọba kò lè fi í ṣe orun sùn. Aláké ní òun yóò gbọ́ ẹjọ́ wọn, wọ́n bá túká. Kò pẹ́ tí wọ́n rí i pé àwọn obìnrin ṣì wà látìmọ́lé. Ní ọjọ́ 8 oṣù Kejìlá wọ́n tún padà wá, wọn kò sì kúrò títí di ọjọ́ 10, ìgbà tí wọ́n tú àwọn tí wọ́n tì mọ́lé sílẹ̀. Wọ́n ti ṣàtúnṣe àṣìṣe àkọ́kọ́: ìgbà àkọ́kọ́ wọ́n gba ìlérí, ìgbà kejì wọ́n dúró gba èèyàn.

Ìtàn kan wà tí kò sí ará Abẹ́òkúta tí kò gbọ́ ọ, pé wọ́n fẹ́ gbé Orò jáde kí àwọn obìnrin lè sá wọlé, àti pé Fúnmiláyọ̀ gba ọ̀pá Orò náà mọ́ wọn lọ́wọ́, ó sì gbé e lọ sílé rẹ̀. Bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ ni mo sọ ọ́. Èyí tí kò ní àríyànjiyàn ni pé àwọn Ògbóni, tó yẹ kí wọ́n dúró ti Aláké, padà lẹ́yìn rẹ̀ ní 1948. Ìgbà tí àwọn ọkùnrin ìlú rí i pé àwọn ìyàwó ti ṣí ilẹ̀kùn, wọ́n rántí ẹ̀sùn tiwọn náà.

Ní oṣù Kẹrin 1948 wọ́n dá owó orí àwọn obìnrin dúró. Ní oṣù Keje, Aláké kó jáde ní Abẹ́òkúta, ó lọ ń gbé ní Òṣogbo. Ní ọjọ́ 3 oṣù Kìíní 1949 ó sọ̀rọ̀ pé òun fi orí ìtẹ́ sílẹ̀. Ìgbìmọ̀ tuntun tí wọ́n gbé kalẹ̀ ní obìnrin mẹ́rin nínú, Fúnmiláyọ̀ sì jẹ́ ọ̀kan. Ọ̀pọ̀ òǹkọ̀wé máa ń parí ìtàn síbẹ̀, torí ó dùn bẹ́ẹ̀. Kò parí síbẹ̀. Ní oṣù Kejìlá 1950 Aláké padà sí ààfin, ó sì lo oyè rẹ̀ títí di 1962. Ẹni tó bá fẹ́ wọn àṣeyọrí ìjà náà kó má fi ìlọ àti ìbọ̀ ọba wọ̀n ọ́. Àṣẹ ẹnì kan ṣoṣo ló wó, ìyẹn kò sì dìde mọ́: ọba padà, ó bá ìgbìmọ̀ níbẹ̀.

Wàyí o, ẹni tó lè kó 10,000 obìnrin jókòó síwájú ààfin, kí ló dé tí kò fi rí ìbò tó máa gbé e dé ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin? Ìbéèrè yìí ni mo rò pé ó yẹ kí á máa bi ara wa ju ti mọ́tò lọ.

Ìdáhùn àkọ́kọ́ wà nínú bí wọ́n ṣe ń dìbò. Ní 1951 ó díje fún ilé ìgbìmọ̀ Ìwọ̀-Oòrùn lábẹ́ NCNC, kò sì wọlé. Ìdìbò ọdún yẹn kì í ṣe ti kóówá-tẹ̀ka. Àwọn ará àdúgbò á yan aṣojú, àwọn aṣojú á tún yan aṣojú, àwọn ìkẹyìn yìí ló máa wá yan ẹni tó ń lọ sílé ìgbìmọ̀. Àkàsọ̀ kọ̀ọ̀kan tí ẹ bá gùn, obìnrin ń dín kù, ọkùnrin tó lówó àti olóyè ń pọ̀ sí i. Agbára Fúnmiláyọ̀ wà nísàlẹ̀, níbi tí èrò pọ̀ sí. Ètò náà sì ti yọ ẹsẹ̀ èrò kúrò kó tó dé òkè.

Èkejì korò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ní ìdìbò ìjọba àpapọ̀ 1954, Ìlà-Oòrùn jẹ́ kí gbogbo àgbà dìbò, lọ́kùnrin lóbìnrin. Àríwá ní ọkùnrin tó san owó orí nìkan. Ìwọ̀-Oòrùn ní ẹni tó san owó orí. Ẹ gbọ́ ohun tí ìyẹn wí fún obìnrin: owó tí wọ́n fi ọdún méjì jà kí wọ́n má san mọ́ ni wọ́n tún sọ di kọ́kọ́rọ́ àpótí ìdìbò. Fúnmiláyọ̀ ti rí i pé ó ń bọ̀. Ní 1949 ó ti sọ ẹgbẹ́ Ẹ̀gbá di Nigerian Women's Union, tó ní ẹ̀ka ní ìlú mìíràn. Ní oṣù Kẹjọ 1953 ó pe àwọn obìnrin bí 400 láti apá púpọ̀ ní Nàìjíríà jọ sí Abẹ́òkúta, wọ́n dá àpapọ̀ ẹgbẹ́ àwọn obìnrin sílẹ̀, wọ́n sì bèèrè pé kí gbogbo obìnrin tó dàgbà lè dìbò láìsí pé wọ́n ń wo rìsíìtì owó orí lọ́wọ́ wọn, kí ẹgbẹ́ òṣèlú sì máa fa obìnrin kalẹ̀.

Ẹ̀kẹta ni ẹgbẹ́ òṣèlú fúnra rẹ̀. NCNC fẹ́ kó máa kó obìnrin wá síbi ìpàdé, wọ́n fi í ṣe akápò ní Ìwọ̀-Oòrùn, wọ́n fi í ṣe olórí àwọn obìnrin wọn. Tíkẹ́ẹ̀tì ni wọn kò fẹ́ fún un. Ní 1959 wọ́n fi í sílẹ̀ fún ọkùnrin. Ó ní òun ò gbà, ó dá dúró fúnra rẹ̀, ìbò wọn pín sí méjì, Action Group, ẹgbẹ́ òṣèlú tó ń bá wọn du ipò, gba àárín wọn kọjá. NCNC lé e jáde. Ó dá ẹgbẹ́ tirẹ̀ sílẹ̀, Commoners' People's Party, kò sì pẹ́ láyé. Àṣìṣe tirẹ̀ wà níbẹ̀, ẹ má jẹ́ ká fi í pamọ́: ẹgbẹ́ ọlọ́jà ń gbé ẹ̀sùn kan lọ́dọọdún, gbogbo ẹgbẹ́ á sì tẹ̀ lé e, ìbò ń bèèrè owó, akéde àti ẹni tó máa dúró ti àpótí ní wọ́ọ̀dù kọ̀ọ̀kan, ìgbà díẹ̀ kò sì tó fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò nínú ẹgbẹ́ ńlá láti kó ìwọ̀nyẹn jọ. Ẹni tó bá ṣe sùúrù lábẹ́ ẹgbẹ́ rí tirẹ̀: Wúràọlá Ẹ̀ṣan láti Ìbàdàn dé ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin àgbà ní 1960 nípasẹ̀ Action Group, Margaret Ekpo sì wọ ilé ìgbìmọ̀ Ìlà-Oòrùn ní 1961. Ọ̀rọ̀ sùúrù kọ́ ni iṣẹ́ tí Ọlọ́run fi Fúnmiláyọ̀ ṣe.

Àròkọ Daily Worker ọjọ́sí ti jẹ́ kí wọ́n máa pè é ní Kọ́múníìsì. Ó ń bá ẹgbẹ́ àwọn obìnrin àgbáyé tí wọ́n ń pè ní WIDF ṣe, ó lọ sí China, ó lọ sí àwọn ilẹ̀ tó wà lábẹ́ Rọ́ṣíà. Ní 1957 ìjọba kọ̀ láti tún ìwé ìrìnnà rẹ̀ ṣe. Ní ọdún tó tẹ̀ lé e, Amẹ́ríkà kò fún un ní físà. Ó ní òun kì í ṣe Kọ́múníìsì, ṣùgbọ́n òun ò ní tìtorí ẹ̀rù yan ọ̀rẹ́. Lẹ́yìn òmìnira, àpọ́nlé dé: oyè ọlá ìjọba ní 1965, oyè ọ̀mọ̀wé láti Yunifásítì Ìbàdàn ní 1968, ẹ̀bùn àlàáfíà Lenin ní 1970.

Ikú rẹ̀, gbogbo ayé ló mọ̀ ọ́n. Ní ọjọ́ 18 oṣù Kejì 1977 àwọn ṣọ́jà ya bo ilé Fẹlá ní Agege Motor Road, wọ́n sì ju ìyá náà sílẹ̀ láti ojú fèrèsé òkè. Kò bọ́ sípò mọ́. Ó kú ní ọjọ́ 13 oṣù Kẹrin 1978, wọ́n sì sin ín ní Abẹ́òkúta, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ rẹ̀.

Ẹ̀tọ́ tí àwọn obìnrin 400 bèèrè ní Abẹ́òkúta ní 1953 kò kárí títí di 1976, nígbà tí wọ́n fi obìnrin Àríwá kún àwọn tó lè dìbò. Ní 1979 ni wọ́n kọ́kọ́ tò sórí ìlà láti dìbò ìjọba àpapọ̀. Fúnmiláyọ̀ ti wà nínú ilẹ̀ fún ọdún kan ó lé díẹ̀.